Ìwé Nínú Agbọ̀n Obì

Mojísọ́lá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Odùgbèsan, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nínú Rẹ́mọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọmọ olóko obì tí ọ̀gbẹlẹ̀ kì í rí gbé ṣe. Ọmọ a-ṣí-agbọ̀n-kí-ariwo-ọjà-ó-rọlẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ adúmáradán, eléyín funfun. A-rìn-gbẹ̀rẹ̀-dé-ibi-tí-ẹni-ń-sáré-ò-dé. Ìyá Délé, ìyá Rónkẹ́, ìyá Fẹ́mi. Mísíìsì ilé ìkàwé Ṣàgámù. Ẹ sùn re o.

Èmi tí mo ń kì wọ́n yìí, n kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ. Ọmọ Kétu ni mí, ní ìhà ọ̀hún tí Faransé ti jọba. Bí a bá ní ká tẹ̀lé ìlànà, ọmọ ilé ló yẹ kó ki ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé náà ló ní kí n kọ ọ́. Rónkẹ́ ní èmi ni mo mọ ohun tí ìyá àwọn ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọn kò sí nílé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Díẹ̀ ni mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn fadá, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Ẹ bá mi fara mọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ ènìyàn nìkan ni kì í bọ́ lọ́wọ́ mi.

N kò ní sọ bí mo ṣe dé Ṣàgámù. Ẹni tó ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ fún àwọn olóṣèlú nígbà náà, iṣẹ́ wà nílùú, gbogbo ayé sì ń wọ Nàìjíríà bí ẹni ń wọ́ lọ síbi ìnáwó.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé mo ń gbọ́ èdè wọn, kò sì yé mi. Yorùbá ni. Ká ní Haúsá ni wọ́n ń sọ ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ pé àjèjì ni mí. Ní Ìjòkú níbi tí mo gba yàrá sí, onílé mi, Ìyá Sábítíù, ní kí n lọ fọ ọghọ́ mi wá jẹun. Mo dúró, mò ń wá ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri ilẹ̀, títí wọ́n fi gbé àtẹ́lẹwọ́ tiwọn sókè kí n rí i. Oúnjẹ tí mo fọwọ́ fún náà ni ìkọ́kọrẹ́. Mo rò pé ẹnì kan ló ṣèèṣì da iṣu sínú ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tìtìjú-tìtìjú. Kó tó pé ọdún, èmi náà ti ń bá ọmọdé jà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Mo ṣàlàyé títí pé Kétu ni mo ti wá, pé ọmọ Odùduwà ni ọba wa, pé ilé wa kò jìnnà sí ti ẹnikẹ́ni. Ìyá Sábítíù á fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní, “Ó dáa, Àgànyìn, bá mi gbé omi yẹn.” Ó sú mi, mo gbé omi.

Ìyá Sábítíù náà ló gbọ́ pé ilé ìkàwé ìlú ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Mo ń gbálẹ̀, mo ń nu eruku orí ìwé. Bí mo bá nu ìwé kan tán, mo máa ń ṣí i wò kí n tó dá a padà. Lọ́jọ́ kan Mísíìsì Odùgbèsan, tí í ṣe ọ̀gá ibẹ̀, wá dúró sẹ́yìn mi. N kò mọ̀. Wọ́n ní, “Kí lo rí níbẹ̀?” Mo ní àwòrán ni mò ń wò, Mà. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Àwòrán kì í mú ètè ènìyàn mì.”

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí a bá ti tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, wọ́n á fà mí jókòó, wọ́n á gbé ìwé Yorùbá síwájú mi. Bí mo bá kà á bí Faransé, wọ́n á di etí. Bí mo bá kà á re, wọ́n á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo ń lé kiri bí ẹni ń lé owó ọdún.

Àárò ilé ń sọ mí, kí n má purọ́. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Gbogbo Ṣàgámù á gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á padà jẹun lọ́dọ̀ ẹbí. Èmi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, n ó máa ka àwọn tó ń kọjá tí wọn kò mọ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọnifásì, ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọ̀nú ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ní tẹlifóònù. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo máa ń lọ jókòó sí láàárọ̀, wọ́n á pè mí tó bá di ọ̀sán, bí wọ́n bá máa pè mí rárá. Akọ̀wé ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣótáyọ̀, sọ fún mi pé ohùn mi ní láti kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó kó tó padà wá sí Kùtọ̀nú. Ẹ wo ohùn tí èmi fúnra mi kò tẹ̀ lé débẹ̀. Nígbà kan tí ìyá mi bá Bọnifásì wá sílé iṣẹ́, wọ́n gbé tẹlifóònù sí wọn létí. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé àwọn ènìyàn tí mo wà lọ́dọ̀ wọn ń dárúkọ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ọ̀nà sì já.

Ìbéèrè náà kò kúrò lára mi. Ènìyàn lè yó nílẹ̀ àjèjì, kó láṣọ, kó ní yàrá tí kì í jò, síbẹ̀ kó má sí ẹni tí yóò mọ̀ bí kò bá jí lọ́la. Mo pinnu pé n kò ní gbé Ṣàgámù bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Nígbà tó yá ni ọ̀rọ̀ dé láti Abẹ́òkúta. Àwọn ọ̀gá ilé ìkàwé ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dá ètò ìwé kíkà sílẹ̀ fún àgbàlagbà. Òṣìṣẹ́ tó bá darí ètò náà tó sì yọrí ni wọn yóò mú lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bó bá sì ti ibẹ̀ dé, iṣẹ́ rẹ̀ á fìdí múlẹ̀, kò ní jẹ́ alágbàṣe mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú mi. Lásìkò yẹn ariwo ti ń lọ lórí rédíò pé àlejò pọ̀ jù nílùú, pé àwọn tí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ yóò padà síbi tí wọ́n ti wá. Agbálẹ̀ ni mí. Ìgbálẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dá àlejò dúró. Bí mo bá rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo dúró. Bí n kò bá rí i, bí àṣẹ bá jáde, màá lọ.

Gbóyèga, akọ̀wé wa tó jáde sẹ́kọ́ńdírì, ti mọ̀ pé tòun ni. Kò jẹ̀bi, àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó to bẹ́ǹṣì, ó kọ pátákó síta, ó fi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí i. Àwọn obìnrin olóbì Ìjòkú ni Gbóyèga ń retí. Kò sẹ́ni tó wá, àfi ọkùnrin kan tó wá béèrè bóyá a ń ta omi tútù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Gbóyèga ká pátákó rẹ̀ kúrò, ó ní àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò fẹ́ ìmọ̀. Mísíìsì kò bá a jiyàn. Wọ́n ní kí n gbé ìwé díẹ̀ ká lọ.

Ilé obì Ìyá Ràṣídà wà lẹ́yìn ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ obì, bí wọ́n bá kó o dé láti oko, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á wá tò ó sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́, kó má bàa gbẹ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń pààrọ̀ ewé rẹ̀. Ìyá Ràṣídà ni olórí wọn. Sáfúrátù, Ọládùn, àti Débọ́rà tó ń ti Ìpàrá wá, jókòó yí wọn ká, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kálukú. Ìyá Ràṣídà kò gbójú sókè.

“Mísíìsì, obì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fi í sílẹ̀ tí mo lọ kàwé, kòkòrò ni yóò bá mi ka obì.”

Ọmọ olóbì ni Mísíìsì, ẹ ti gbọ́ oríkì wọn. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bó obì pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ ìjọba lọ́rùn. Àwọn obìnrin náà ń wo ọwọ́ Mísíìsì, wọ́n rí i pé ọwọ́ náà mọ̀nà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Mísíìsì tó bi wọ́n pé ṣé wọn kì í ṣe àáró mọ́ ni. Àáró ni pé kí gbogbo wa bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ lónìí, kí a bá ẹlòmíràn ṣe lọ́la, títí yóò fi kárí. Ìyá Ràṣídà ní báwo ni wọn kò ṣe ní í ṣe é, ṣé wọ́n ti ya ọ̀lẹ ni?

Mísíìsì ní, “Ẹ fi ìwé sínú àáró náà. Ẹni tí ìwé kàn, ẹ bá a bó tirẹ̀.”

Sáfúrátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé òun á jókòó bí ìyàwó, òun á máa kàwé, Ìyá Ràṣídà á sì máa bá òun bó obì? Ìyá Ràṣídà ní kí ó má tíì yọ̀, ahọ́n rẹ̀ á rẹ̀ kí ọwọ́ àwọn tó rẹ̀. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni Mísíìsì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà mo ń lọ bí àyè bá ti gbà mí. Ẹni tó bá ń kàwé á jókòó sáàárín, ẹni tó bá ń bó obì á máa tọ́ ọ sọ́nà bó bá ṣì í. Ìwé ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé wọn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìwé bá ní kí a fún ọmọ ní omi báyìí, Ọládùn á ní irọ́ ni, wọ́n á dá ìwé dúró, wọ́n á jà á níyàn. Mo kọ́ wọn ní lẹ́tà, wọ́n kọ́ mi ní Rẹ́mọ. Wọ́n ń dárúkọ mi bí n kò bá tètè dé.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó le. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀gá láti Abẹ́òkúta wá yẹ ètò wa wò, mo lọ sílé obì láti kó ìwé náà wá sílé kí n nù wọ́n. Mo wá wọn tì lórí pẹpẹ tí mo máa ń fi wọ́n sí. Ìyá Ràṣídà ní kí ara mi balẹ̀, àwọn ti bá mi tọ́jú wọn. Wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ ṣí agbọ̀n kan. Ewé eéran tútù ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, òmíràn ni wọ́n fi bò ó, àwọn ìwé ìjọba sì wà láàárín, wọ́n tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí obì gbànja àkọ́ṣà. Wọ́n ní ọyẹ́ ti ń mú ẹ̀yìn ìwé náà ká, ó ń gbẹ, àwọn kò sì lè máa wò ó kó gbẹ tán. Wọ́n ti ń pààrọ̀ ewé rẹ̀ déédéé.

Ìwé náà ti hu. Ó hu funfun, ó hu àwọ̀ ewéko, ojú ewé kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún níwájú àwọn obìnrin tó fẹ́ràn ìwé ju bó ṣe yẹ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lọ. N kò lè bá wọn wí. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìtọ́jú ni wọ́n ṣe fún un.

Mo gbé agbọ̀n náà tọ Mísíìsì lọ. Wọ́n ṣí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di òpó ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lójú wọn, nítorí pé ọrùn wọn ni ìwé ìjọba wà. Gbóyèga ní kí a kó wọn sẹ́yìn, kí a to ìwé tuntun sórí tábìlì. Ó ní ọ̀gá Abẹ́òkúta kò ní mọ̀. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n sọ òótọ́. Mísíìsì ní rárá. Wọ́n ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kì í bàjẹ́. Ti pé èyí bàjẹ́, ẹnì kan ló ń lò ó. Wọ́n ní kí n gbé agbọ̀n náà sórí tábìlì bó ṣe wà.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ ni orúkọ ọ̀gá tó wá. Ọkùnrin gíga, aṣọ rẹ̀ mọ́. Àwọn olóbì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá lọ́jọ́ yẹn, ohun tí wọn kò ṣe rí. Ó mú ìwé ìtọ́jú ọmọ, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ ní kíá. Ó béèrè ẹni tó ba ohun ìní ìjọba jẹ́ báyìí.

Ìyá Ràṣídà dìde. “Àwa ni, Ọ̀gá. A kò fẹ́ kó gbẹ ni.”

Ó ní ṣé wọ́n tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Ràṣídà ka ojú ewé kìíní fún un láìwo ìwé, nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn lè rí lójú ewé náà mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ mi orí. Ó ní àkọ́sórí nìyẹn, kì í ṣe ìwé kíkà, òótọ́ ló sì sọ. Ó lọ mú ìwé ìròyìn Yorùbá kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá náà. Ìyá Ràṣídà fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n kà á. Wọ́n tẹ èkejì. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹta wọ́n há, ọ̀gá sì la ẹnu láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

“Ẹ ní sùúrù, Ọ̀gá. Bí ẹ bá wá bó obì nílé mi, n kò ní já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ yín.”

Wọ́n kà á dé ìparí ìlà. Wọ́n ka ìlà kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní ìròyìn náà kò dùn, ṣé kò sí òmíràn? Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tó fi béèrè ẹni tó kọ́ wọn. Gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Sáfúrátù ní, “Àgànyìn wa nìyẹn.” Ọ̀gá béèrè ìlú mi, mo ní Kétu. Ó béèrè ìwé tí mo kà, mo sọ ọ́. Ó wo Mísíìsì, ó ní wọ́n mọ̀ pé àwọn tó níwèé ẹ̀rí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn wà fún, pé ọmọ onílùú ni wọ́n sì ní lọ́kàn.

Mísíìsì kò gbé ohùn sókè. Wọn kì í gbé e sókè. “Ẹ ní kí n mú ẹni tó darí ètò náà wá. Òun nìyí. Bí ẹ bá rí ẹlòmíràn nínú ilé yìí tó darí rẹ̀, ẹ fi hàn mí.”

Gbóyèga wà nínú ilé. Ó wolẹ̀. N kò gbàgbé pé kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó lè sọ̀rọ̀ bó bá fẹ́. Ọ̀gá náà ní òun yóò ránṣẹ́. Ó mú ìwé kan tó hu nínú agbọ̀n, ó fi bébà wé e, ó gbé e lọ.

Ìdúró yẹn gùn. Mo gbálẹ̀ ibi tí kò dọ̀tí. Mo pe Bọnifásì, mo ní kó sọ fún ìyá wa pé ó ṣeé ṣe kí n máa bọ̀ wálé, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó ní èwo ni kí òun sọ? Mo ní kó sọ méjèèjì. Ọjọ́ tí èsì dé, Mísíìsì pè mí wọlé, wọ́n ní kí n lọ tọ́jú aṣọ méjì tó dára, pé òkè pọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí n wọ bàtà tó lè gùn ún.

Láàárín àwọn oníwèé ẹ̀rí ni mo jókòó sí níbẹ̀. Iṣẹ́ nọ́mbà tí wọ́n fi ń to ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí; ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, Yétúndé, ló ń tún un kọ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo kọ́ bí a ṣe ń rán ìwé tó ya, bí a ṣe ń ka ìtàn fún ọmọdé kí wọ́n má sùn lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú sọ ètò ìwé kíkà tó ṣe, mo sọ ti ewé àti agbọ̀n. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé n kò bẹ̀rù mọ́.

Nígbà tí àṣẹ jáde lóòótọ́, tí ojú ọ̀nà kún fún ẹrù àti ènìyàn, èmi wà nídìí tábìlì mi nínú ilé ìkàwé Ṣàgámù. N kò fi yangàn. Ọ̀rẹ́ mi Alẹsì, ará Pobẹ̀ níhà tiwa lọ́hùn-ún, lọ nínú àwọn tó lọ, n kò sì rí i mọ́ dòní. Gbóyèga fúnra rẹ̀ bá iṣẹ́ kan lọ sí Ògìjo, owó ibẹ̀ sàn ju tiwa lọ. Bó bá ń kọjá, ó máa ń yà kí mi. Mo lọ sí Kétu lẹ́yìn náà. Wọ́n ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí Ìjẹ̀bú. Ó kọ́kọ́ dùn mí, àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ilé kì í ṣe ibi kan tí ènìyàn fi sílẹ̀ lọ wá òmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè rẹ bí o bá pẹ́ dé ni ilé, ó sì lè ju ọ̀kan lọ.

Àwọn olóbì mi ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ràṣídà ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Ọládùn, lẹ́yìn náà Sáfúrátù aláwàdà. Mísíìsì pẹ́ láyé ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Wọ́n fẹ̀yìn tì sí Ìkẹ́nnẹ́, mo ń lọ kí wọn, a ó jọ jókòó sẹ́yìn ilé, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àìsàn tó mú wọn kò pẹ́ lára wọn. Ọpẹ́ ni fún ìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé wọn lọ sí ibojì. Délé da erùpẹ̀ sí i, Rónkẹ́ da tirẹ̀, Fẹ́mi da tirẹ̀. Àlùfáà bojú wẹ̀yìn, ó béèrè bóyá ọmọ kù. Rónkẹ́ ní ó ku ọ̀kan. Mo jáde láàárín èrò, mo da tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ìkẹ́nnẹ́, kí oòrùn tó wọ̀. A sin wọ́n.